Ìlà Tó Fò Sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kejì

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Fàúsát Ládọ̀kun.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Agége ló ń gbé, ní yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbálẹ̀, kó máa nulẹ̀, ní ọ́fíìsì kan ní Ọgbà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táìlì. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ya kátúùnù. Ohun tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ lè rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Fàúsát rí bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn wọ́n. Kì í ṣe eré.

Kó tó dé Ọgbà, ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Oregun. Ìdúró ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ọ̀já rọ́bà kan wà tí ẹ̀rọ ń fà, bẹ́líìtì ni wọ́n ń pè é. Bísíkíìtì á máa kọjá lórí rẹ̀, Fàúsát á máa ṣa èyí tó bá fọ́ kúrò. Bẹ́líìtì kì í dúró de ẹni tó fẹ́ sín. Níbẹ̀rẹ̀, bó bá rí ọ̀kan, á kọ́kọ́ wí i, "Ó fọ́," kó tó mú un. Nígbà tó yá, ọwọ́ ti mú un kí ẹnu tó wí i. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ojú tó ń yára rí fífọ́ yẹn nìkan ló mú kúrò níbẹ̀.

Ìlà bàámú kan wà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí imú, ó dà gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní Oregun, àwọn ọmọge ìdí bẹ́líìtì sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀.

"Ìyá Uswat, tíṣà wo ló fagi lé yín lójú?"

"Tíṣà tó fún ìyá ẹ ní òdo ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó wá ya fọ́tò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló máa ń kọ sí kámẹ́rà. Gbogbo fọ́tò tó yà ní Èkó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni.

Uswat, ọmọ rẹ̀, ló ra fóònù fún un, tó sì fi géèmù kan sínú rẹ̀. Èso ló ń já bọ́ nínú géèmù náà: ọsàn, ìbẹ́pẹ, àgbálùmọ̀. Béèyàn bá to mẹ́ta tó jọra pọ̀, wọ́n á fọ́. Uswat rò pé á sú ìyá òun láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ti kọjá ìpele ẹgbẹ̀rún kan. Nínú kẹ̀kẹ́ láti Agége dé Ọgbà, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Ìyá, ẹ rọra o," oníkẹ̀kẹ́ á ní. "Omi ọsàn yín ń ta sí mi lọ́rùn."

"Máa wojú ọ̀nà. Bí mo bá gba ìpele yìí, màá bó tìẹ fún ẹ."

Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó agbálẹ̀ fún àwọn ọ́fíìsì ló mú un dé Ọgbà. Adégbénró ni ọ̀gá wọn. Lọ́jọ́ tó mú un débẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló bá a sọ. "Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ wọn. Ẹ má dá sí iṣẹ́ wọn." Obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti sọ pé kátúùnù wọn kò dáa lójú òun. Kò lo ọ̀sẹ̀ náà tán.

Fàúsát pa ẹnu mọ́. Ojú ni kò lè pa mọ́.

Nínú oṣù Kẹrin, ẹni tó ni ọ́fíìsì náà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olúwadémiládé lórúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

"Màmá, mo fẹ́ bẹ̀ yín ni. À ń ṣe kátúùnù ìyá kan tó máa ń wá ohun tó bá sọnù. Ohun tí ọlọ́pàá wá tì, òun á rí i. Màmá Atọpinpin là ń pè é. Ojú yín ni mo fẹ́ yà fún un."

"Ojú mi kẹ̀, Àǹtí? Pẹ̀lú ìlà yìí?"

"Ìlà yẹn gan-an ni mo ń wá."

Fàúsát ní òun máa bi ẹ̀gbọ́n òun.

Sùlíyá ni ẹ̀gbọ́n náà, Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Nínú àwọn tó mọ Fàúsát ní kékeré, òun nìkan ló kù. Fàúsát pè é lórí fóònù.

"Wọ́n fẹ́ fi ọ́ rẹ́rìn-ín ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní obìnrin náà gbọ́n."

"Bó bá gbọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ìlà náà bó ṣe yẹ o. Nílé tiwa, apá òsì ni. Bí mo bá rí i lápá ọ̀tún, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹlòmíì nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, Fàúsát jókòó síwájú kámẹ́rà wọn. Ó kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí i. Ọrùn rẹ̀ le bí igi.

Oṣù bíi mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é. Démiládé ló ń ya obìnrin náà, ó ń fi kálámù kan tí kò ní yíńkì kọ ọ́ sórí gíláàsì. Job, ọmọkùnrin gíga kan tó máa ń wọ fìlà nínú ilé, ló ń mú kó rìn. Ilẹ̀ ẹ̀yìn àga Job ló wá mọ́ jù lọ nínú ọ́fíìsì náà, torí ibẹ̀ ni Fàúsát ti ń nulẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ó ń rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ tó ń fo ògiri. Orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn láìdúró simi, ó wá ń fo ògiri. Á di móòpù mú, á máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ọjọ́rú ni wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá di ọ̀sán Jímọ̀, wọ́n ní láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ará tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kó ara jọ síwájú kọ̀ǹpútà ńlá, Fàúsát dúró sẹ́yìn wọn. Màmá Atọpinpin ń lé olè lẹ́bàá ojú irin. Olè yà sósì, ó tẹ̀ lé e. Bàámú wà lápá òsì. Olè ṣẹ́rí padà, òun náà ṣẹ́rí padà.

Ọwọ́ Fàúsát fò sókè. Ó fẹ́ mú nǹkan.

Bàámú ti wà lápá ọ̀tún.

Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Job fi fìlà rẹ̀ lu àga. Fàúsát tún wò ó. Bí obìnrin náà bá ti yíjú, ìlà á fò. Òsì, ọ̀tún, òsì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà kò fọ́ èso kankan. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti dá sí iṣẹ́ wọn nìyẹn, Adégbénró á sì mú ẹlòmíràn wá. Ọjọ́ orí tirẹ̀ yìí, ta ló tún máa gbà á síṣẹ́? Bó bá dákẹ́, Sùlíyá á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á ní òun ò mọ obìnrin yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì jáde fáyé rí. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbé móòpù ti ògiri, ó lọ bá Démiládé.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Obìnrin yẹn, ṣé ìbejì ni?"

Job rẹ́rìn-ín. "Ìbejì báwo, Màmá? Ẹnì kan ni."

"Méjì ni mo rí. Ọ̀kan kọ bàámú sósì, èkejì kọ ọ́ sọ́tùn-ún."

"Háà. Ẹ gbọ́, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo là ń yà. Bó bá fẹ́ kọjú sápá kejì, kọ̀ǹpútà ló máa ń yí i padà, bíi ti inú dígí. Gbogbo ayé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Bí ìwọ bá bojú wẹ̀yìn, ṣé ọwọ́ òsì ẹ máa ń di ọ̀tún ni?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Job ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Ó ń yára jù, Màmá. Kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Èmi rí i. Ẹ̀gbọ́n mi á rí i. Ògbómọ̀ṣọ́ odindi á rí i."

Démiládé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Job fi ibi ojú irin hàn òun. Ó wò ó, kò rí nǹkan. Ó ní kó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ó di orí mú.

"Yéè. Ìlà náà ń fò."

"Ọ̀la ló ń lọ," Job wí. "Bí a bá ní ká máa wá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan ò tó. Ta ló máa rí gbogbo ẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó máa kọjá níwájú mi," Fàúsát wí. "Ẹ má dá a dúró."

Wọ́n gbé àga fún un, ó kọ̀ ọ́. Ìdúró ló fi kọ́ iṣẹ́ náà. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.

"Ó fọ́."

Job tẹ nǹkan kan láti fi sàmì síbẹ̀.

"Ó fọ́. Ó fọ́. Ìyẹn dáa. Ó fọ́."

Ohùn rẹ̀ ń ròkè sí i. Ó ti gbàgbé ibi tó wà. Ó ti padà sí Oregun, òórùn bọ́tà ló kù.

Ìgbà yẹn ni Adégbénró gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé. Ó rí móòpù lára ògiri. Ó rí agbálẹ̀ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ńlá, tó nàka sí i, tó ń pariwo pé ó fọ́.

"Ìyá Uswat! Kí ló fọ́? Kí lẹ bá wọn fọ́? Ṣé mi ò sọ fún yín?"

Fàúsát yíjú padà, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní lílà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́. Job fi orí lé tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," Démiládé ní. "Iṣẹ́ tiwa ló fọ́. Màmá ló ń bá wa ṣà á."

Adégbénró kò rẹ́rìn-ín. Ó wolẹ̀. "Ilẹ̀ yìí ńkọ́?"

Job dìde, ó lọ mú móòpù. Òun ló nu ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ yẹn. Kò mọ́. Fàúsát tún un nù lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà méjìléláàádọ́ta ni ìlà náà fò. Yàtọ̀ síyẹn, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó sá kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí ìkejì, ó sì rí sálúbàtà kan tó yí àwọ̀ padà láàárín òpópónà. Démiládé ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún obìnrin náà lọ́tọ̀, ojú tó mọ́ tónítóní tí kò ní ìlà. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pín àtúnṣe náà láàárín ara wọn. Nígbà tí Fàúsát ń ṣe àlùwàlá Jímọ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó gbọ́ tí wọ́n pariwo lókè. Wọ́n ti fi ránṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Démiládé bá Adégbénró sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ mẹ́ta ni Fàúsát fi ń gbálẹ̀, ọjọ́ méjì ló fi ń dúró síwájú ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn ló ń bá a gbálẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì yẹn.

Wọ́n gbé kátúùnù náà jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Uswat wá bá ìyá rẹ̀ wò ó. Nígbà tó parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ sókè. Fàúsát kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, Uswat ló ń kà á.

"Màmi, ẹ wò ó! 'Ojú: Fàúsát Ládọ̀kun.'" Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ojú wo nìyẹn? Èyí tí wọ́n yà, àbí èyí tó ń ṣa fífọ́?"

"Ojú ni wọ́n kọ," Fàúsát wí. "Ojú náà ni."

Fóònù dún. Sùlíyá ni, kò tilẹ̀ kí i.

"Mo rí ẹ. Apá òsì ni. Látìgbà wo lo ti mọ eré sá báyẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ló sá a, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn ọmọ ilé yìí ti gbé ẹ̀ẹ́dú, wọ́n ń kọ bàámú sójú ara wọn. Gbogbo wọn ní àwọn ni ọ́. Ọ̀kan kọ ọ́ sápá ọ̀tún, mo ní kó lọ bọ́jú."

Fàúsát rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Uswat gbé fóònù tirẹ̀ sókè láti yà á. Fàúsát kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí i kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹja ṣáwá méjì.