Àpá Kékeré Létí Ìdodo Mi

Ẹnu mi ni kò jẹ́ kí n ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Bọ́tìnnì, òwú àti síìpù ni mo ń tà fún àwọn aránṣọ ní Ìdúmàgbò láwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì wọ ìlú, tí gbogbo èèyàn ń rán aṣọ tuntun. Ẹni tó bá ná ọjà mi ní ìnákúnàá máa ń gba èsì tó tó gbé relé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kì í lè fèsì sí. Bí oníbàárà bá sanwó tán, tó wojú mi, tó wá ní, "Ọlọ́run á ṣe tiyín náà o," àmín ni màá ṣe, màá sì yíjú sí àpótí bọ́tìnnì bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ọmọ wù mí. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí ẹni tó ti bímọ á fi gbọ́ ọ yé. Mo gba ọmọbìnrin kan tó ń bá mi tajà nígbà náà, òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, àfi bí wọ́n bá wá ra bọ́tìnnì funfun wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rán mọ́ aṣọ ọmọ tuntun. Ìyẹn, èmi fúnra mi ni mo máa ń tà á. Màá da á sí àtẹ́lẹwọ́, màá máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, títí aránṣọ á fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń lọ o."

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi là ń gbé, nínú ilé kan tí baba ńlá wọn tó ti Brasil dé kọ́, ilé tó ní fèrèsé gíga gíga àti àgbàlá tí gbogbo àwọn ayálégbé jọ ń lò. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Màmá gbóná bí èmi náà ṣe gbóná, bóyá ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ràn ara wa. Bí a bá ń jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, a ti jọ ń jẹ gúgúrú nínú abọ́ kan. Ní ọdún kejì ìgbéyàwó wa mo lóyún. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi wálẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí òmíràn.

Ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tí mo ṣe. Mo gbààwẹ̀, mo mu àgbo kíkorò. Obìnrin kan ní Èbúté Èrò ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ kọ́ ògiri tí ọkọ mi bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kọ́ ògiri títí ọkọ mi fi bi mí pé ṣé alángbá lòun fẹ́ ni. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà mo kọjú sí ògiri, mo sunkún.

Aránṣọ kan tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi nípa dókítà kan tó ti òkè òkun dé, tó lè wo inú ikùn obìnrin láì là á. A lọ. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ó wá kàn mí.

Ó ní, "Màdáàmù, ilé ọmọ yín dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ẹyin ń gbà débẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. N kò mọ̀ bóyá wọ́n là. Mo fẹ́ dá ihò kékeré kan sí etí ìdodo yín, kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ síkùn yín kí inú lè fẹ̀, kí n wá ki ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ní iná àti awò bọ̀ ọ́."

"Ẹ fẹ́ yọjú wò mí bí ẹni yọjú lójú fèrèsé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

N kò sọ fún Màmá. Nílé tiwa, a kì í pariwo ohun tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀. Mo ní Ìjẹ̀bú ni mò ń lọ, láti lọ kí ìyá mi. Ọkọ mi ló sìn mí dé ọsibítù.

Nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí jù, wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ síkùn mi ló fà á. Dókítà wá jókòó tì mí. Ó ní ọ̀nà méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ ìfun, bí òwú tó ta kókó. Ti òsì ti dí pátápátá, kò sí ohun tóun lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n òun fi sísọ́ọ̀sì kékeré kan tú ti ọ̀tún, nígbà táwọn sì ta aró sí ilé ọmọ láti ìsàlẹ̀, òun fojú ara òun rí i tí aró ń yọ lọ́tùn-ún.

"Ẹ má fi falẹ̀ o," ó ní. "Ó lè tún lẹ̀ padà. Ọdún kan yìí ni ìrètí wa pọ̀ jù."

Apá ọ̀tún! Mo gbé ọwọ́ lé apá ọ̀tún ikùn mi, n kò gbé e kúrò títí a fi délé. Inú mi dùn débi pé mo kí obìnrin tó ń ta tòmátì lẹ́nu ọ̀nà wa, tá a ti ń bára wa yan odì tẹ́lẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé obìnrin kan wà nínú àgbàlá wa, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, tó ti lọ so ilé ọmọ tiẹ̀ kó má baà bí ìkeje. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà ṣe é fún un, létí ìdodo, ẹni tó bá sì fẹ́ wò ó ló ń fi hàn. Kò sí obìnrin tí kò mọ àpá yẹn ládùúgbò wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, bùbá mi ká sókè, Màmá sì rí pílásítà.

"Ìyàwó, kí ló wà ní ìdodo rẹ?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Gbogbo rẹ̀ pátá, ọ̀pá, awò, aró. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Iṣẹ́ abẹ wo ló kéré báyìí? Nígbà tí wọ́n ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi, láti àyà dé abẹ́ ìdodo ni wọ́n là. O ní Ìjẹ̀bú lo lọ. Ẹni tó lè fi ìyá tó bí i purọ́, kí ni kò ní lè ṣe?" Ó wá káwọ́ lérí. "Ó ti lọ so ó! Yéè! Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ìyàwó rẹ̀ ti lọ so ilé ọmọ mọ́ ọn nínú!"

Gbogbo àgbàlá gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ọkọ mi bá a sọ̀rọ̀ títí, Màmá ní mo ti fún ọmọ òun ní oògùn jẹ ni. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó mọ̀wàá hù. Ọdún tí dókítà fún mi sì ń lọ. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ lóyún nínú ilé tí wọ́n ti ń wá ìyàwó mìíràn fún ọkọ ẹni?

Mo wọ yàrá Màmá láì kan ilẹ̀kùn. "Ẹ wọṣọ yín, Màmá. Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bi í."

Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó wé gèlè lé e. Òun ló ṣáájú wọ yàrá dókítà.

"Dókítà," ó ní, "ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi. Ṣé ẹ so ó ni?"

"Rárá o, Màmá. Dídí ni mo bá a. Èmi ni mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kan." Ó yàwòrán sórí bébà fún un, ó fi ẹnu kálámù hàn án ọ̀nà tó dí àti èyí tó là. Màmá fà á mọ́ra, ó wò ó pẹ́.

"Kí ló wá dí i?"

"Lọ́pọ̀ ìgbà, ibà tó tẹ̀lé oyún tó wálẹ̀ ni. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù nínú ilé ọmọ, tí wọn kò tètè gbé obìnrin náà wá sí ọsibítù, inú á di egbò, egbò á sì lẹ̀ mọ́ra." Ó kọjú sí mi. "Màdáàmù, ṣé irú ibà bẹ́ẹ̀ ṣe yín rí?"

Ó ṣe mí. Lẹ́yìn tí oyún yẹn wálẹ̀, mo gbọ̀n títí ibùsùn fi ń gbọ̀n pẹ̀lú mi. Ọkọ mi fẹ́ lọ pe takisí, Màmá ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní tí wọ́n bá gbé mi débẹ̀, wọ́n á họ ilé ọmọ mi dànù ni. Òun ló fi omi gbígbóná jó ikùn mi, òun ló ń fi ṣíbí da ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu, tó ń pààrọ̀ aṣọ òógùn lára mi, tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn mi. Ìyá tó bí mi kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yè é. Ó lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èsì wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, èsì tó lè pa á. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí bébà yẹn.

"N kò rántí, dókítà," mo ní.

"Irọ́ ló ń pa," Màmá ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ibà mú un. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbé e wá."

Inú bí mi. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni mímọ́. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn, mo fẹ́ bi í léèrè ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kígbe mọ́ ló gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, tó ń fi etí ìró nu ojú láàárín títì, tí kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Láti ìgbà náà, a jọ ń retí ni. Nígbà tí àwọn obìnrin ẹbí tún dé, ó ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin tó mọ̀wàá hù náà lọ fún ọmọ tiwọn. Ọdún ọ̀hún parí. Lẹ́yìn tó parí, oṣù kan wá tí nǹkan oṣù mi kò dé lásìkò. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá kàn ṣàdédé gba korobá lọ́wọ́ mi, ó ní òun lòun á máa pọnmi. Kò sọ ìdí. Èmi náà kò bi í. Ẹ̀rù ń bà wá láti sọ ọ́ jáde.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, nǹkan oṣù náà dé. N kò lè dìde lórí ibùsùn.

Àkísà aṣọ la ń lò nígbà náà. Kọ̀rọ̀ lèèyàn ti ń fọ̀ ọ́, abẹ́ ìró mìíràn la sì ń sá a sí kí ojú má baà rí i. Kò sí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn fọ̀ ọ́. Ìyá ẹni gan-an kì í ṣe é, áńbọ̀sì ìyá ọkọ. Nígbà tí mo dìde lọ́sàn-án, n kò rí ike tí mo kó wọn sí. Mo yọjú lójú fèrèsé.

Màmá ló lóṣòó lẹ́nu ẹ̀rọ, nínú oòrùn, láàárín gbogbo àwọn ayálégbé, tó ń fọ aṣọ mi. Ó fún wọn, ó gbọ̀n wọ́n, ó sì ń sá wọn sórí okùn gbangba lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Háà! Màmá! Ta ló ni aṣọ yẹn?"

Nǹkan oṣù Màmá ti dáwọ́ dúró kí n tó wọ ilé rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó fa èyí tó kẹ́yìn gún lórí okùn.

"Tèmi ni," ó ní.