Sítíkà Tí Geessien Boelens Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwa ará ìlú yìí kì í bínú, irọ́ ló ń pa. A máa ń bínú dáadáa. Àmọ́ tínú bá ń bí wa, a ó kọ́kọ́ tò sórí ìlà, a ó kọ orúkọ wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó gba kọfí àti bisikíìtì kan, a ó wá jókòó jẹ́jẹ́ ká tó máa bínú. Ibẹ̀ ni ìjọba ti ń rí wa mú. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń bínú lórí ìdúró, Geessien Boelens ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Èmi ni Roelf. Mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe létí ipadò tí àwọn baba wa fọwọ́ gbẹ́ la àárín ìlú kọjá, ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ilé obìnrin náà gan-an. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ dánwò kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àga nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀! Yóò pa ọkọ̀ síbi tó bá dé, yóò yíjú padà, kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn máa wò yín títí gbogbo èrò á fi bá a máa wò yín. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́.

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni ìpàdé ìlú. Bí káńsù bá pe aráàlú lórí ọ̀rọ̀ igi, Geessien á lọ. Bí wọ́n bá pè wọ́n lórí ibi tí a ó gbé ike ìdọ̀tí sí, á lọ. Bí wọ́n bá pè wọ́n lórí ìgbẹ́ ajá, òun ni ẹ ó bá ní ìjókòó iwájú, ìwé kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Harm ọkọ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan báyìí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a máa sọ pé, "Àwọn ẹlòmíì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó tèmi ń lọ káńsù." A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò kà wá sí rárá.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Harm. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó tó wà lódìkejì omi. Harm ò gbà kí nọ́ọ̀sì kankan fún òun lóúnjẹ, á di ẹnu pọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Nítorí náà ní ọ̀sán gbogbo, òjò ì báà rọ̀, yìnyín ì báà bọ́, Geessien á gbé ọ̀dùnkún tó gún pọ̀ mọ́ ewébẹ̀, á gba orí afárá kékeré tó wà níwájú ilé wa, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni, onírin, ó ti darúgbó, ó máa ń ké tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó tún súnmọ́ ọn wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ìbàdí rẹ̀, Geessien ò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Bó bá fẹsẹ̀ rin ti ibùdókọ̀ yẹn, ogójì ìṣẹ́jú gbáko ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, káńsù ní àwọn ò ṣe ìpàdé àtijọ́ mọ́, ìyẹn èyí tí gbogbo wa máa ń jókòó sínú gbọ̀ngàn kan, tí máíìkì kan á máa lọ yípo, tí kálukú á sì gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń bá ìjọba fà. Wọ́n ní ó ń fa ariwo. Wọ́n wá to tábìlì mẹ́jọ, wọ́n gbé pátákó ńláńlá ti ògiri, wọ́n lẹ àwòrán mèremère mọ́ ọn: bí etí ipadò wa yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní sítíkà aláwọ̀ ewé mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó bá wù yín."

Àwa náà sì lẹ̀ ẹ́! Èmi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Tjaard tó ń ta ẹja lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹ́pẹ́yẹ, Ọlọ́run ló mọ ìdí. Geessien rí àga gígùn kan létí omi nínú àwòrán, ó ní, "Harm á lè gba atẹ́gùn níbí, tí mo bá ti ń fi àga onítáyà rẹ̀ tì í kiri." Ó lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó má baà ṣí. Kò sí ìkankan nínú wa tó wòye pé kò sí afárá nínú àwòrán yẹn. Ẹ gbọ́ ọ ṣá. Àádọ́rin èèyàn, ojú méjì-méjì, a ò rí i!

Ìgbà tí ìwé láti káńsù dé lóṣù October tó kọjá lojú wa tó là. Geessien gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Roelf, bá mi ka ìwé yìí. Ó ń jọ irọ́ lójú mi."

Mo kà á. Mo tún un kà. "Kì í ṣe irọ́, Màmá. Wọ́n máa yọ afárá tí òtútù bá ti lọ, kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè ráyè kọjá. Wọn ò ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní àwa aráàlú la fọwọ́ sí i. Ó ku kí káńsù dìbò lé e lórí."

"Àwa wo?"

"Èmi. Ẹ̀yin. Ẹ rántí sítíkà?"

Ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ mi.

"Ọwọ́ mi báyìí ni mo fi lẹ̀ ẹ́," ló wí. "Gbogbo ìpàdé tí mo ti ń lọ láyé mi, gbogbo ẹnu tí mo ń ya. Wọ́n wá fi bébà róbótó kan mú mi bí ẹni fi àkàrà mú èkúté." Ó dìde. "Kò burú. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ náà ló máa yọ ọ́."

Òfin wa ní pé ọmọ ìlú èyíkéyìí lè bá káńsù sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìbò, bó bá ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn. Iná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máíìkì, tó bá ti pọ́n, ó parí. Geessien forúkọ sílẹ̀. Tjaard dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láti gbà á nímọ̀ràn.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ sọ? Ẹ̀yin náà lẹ lẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín."

"Kí wọ́n rín in. Ìwọ tó lẹ pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́?"

Tjaard lọ ta ẹja rẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìjókòó náà. Ọ̀gbẹ́ni Wierda, káńsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà àti omi, ní kí wọ́n gbé pátákó ọjọ́sí wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó rọra ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni pé ẹṣin rẹ̀ ni. Ó ní, "Sítíkà igba ó lé méjì. Aráàlú ti sọ̀rọ̀."

Alága pe Geessien. Ó dé ìdí máíìkì.

"Orúkọ mi ni Geessien Boelens. Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ n ò la ẹnu. Ẹ ò bi wá bóyá ká yọ afárá. Àga lẹ bi wá. Mo ní mo fẹ́ àga. Ẹ wá ní mo ní kí ẹ gé ọ̀nà tí mò ń gbà lọ bọ́ ọkọ mi. Mo gbà pé mo gọ̀. Mi ò gọ̀ mọ́."

Ló bá kúrò nídìí máíìkì. Ó rìn lọ síbi pátákó, ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún, ó mú awò ìkàwé rẹ̀ jáde nínú àpò, ó fi sójú, ó wá sítíkà kan rí lára àga yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ho ó.

Wierda fò dìde. "Màdáámù! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Dúkìá káńsù nìyẹn!"

"Pátákó ni dúkìá káńsù. Sítíkà, tèmi ni. Ẹ̀yin lẹ fún mi."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tiyín gan-an nìyẹn?"

"Ẹni tó bá ní tòun ni kó jáde wá bá mi jà á."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Geessien yọ ọ́, ó fi lé orí tábìlì níwájú Wierda. N ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo ní, "Màmá, igi ńkọ́? Èmi ni mo ni ti igi." Mo lọ yọ tèmi. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, kí ni mo rí? Àwọn èèyàn wa ti tò! Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí pátákó, ẹnì kan tẹ̀ lé ẹnì kan, kò sí ẹni tó ń ti ẹnìkejì. Mo gbọ́ ohùn Tjaard lẹ́yìn, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kẹ́yìn?" Alága ń lu tábìlì rẹ̀, iná ti pọ́n, ó ní ká jókòó. Ojú ẹni tó ní ká jókòó la ń wò tí a fi ń yọ ọ́. Pátákó yẹn ṣòfo bí orí apárí. Wọ́n sún ìbò sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni Harm kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo rí Geessien tó já jáde nílé, kò wọ kóòtù, ó ń tiro, ó ń sáré. Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. A sin ín ní Sátidé. Mo rò pé kò ní lọ síbi ìbò. Gbogbo àdúgbò ló rò bẹ́ẹ̀, a tiẹ̀ ti ń wá ẹlòmíì tó máa sọ̀rọ̀, a ò rí.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá a lórí àtẹ̀gùn káńsù pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀. Wierda ló ṣáájú mi débẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

"A bá yín kẹ́dùn gan-an, Màdáámù. Ẹ ò bá ti sinmi nílé. Bí nǹkan ṣe rí báyìí, ọ̀rọ̀ afárá yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín mọ́."

Geessien wò ó, irú ìwò inú bọ́ọ̀sì yẹn.

"Ta ló kú, Ọ̀gbẹ́ni Wierda? Èmi ni àbí Harm?"

Ó kọjá lára rẹ̀, ó wọlé. Nígbà tí wọ́n pè é, kò mú ìwé kankan lọ́wọ́.

"Orúkọ mi ni Geessien Boelens. Ọkọ mi kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo gba orí afárá. Mo wọ yàrá rẹ̀ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó lajú, ó rí mi, ó di ọwọ́ mi mú. Aago kan ààbọ̀ ló kú." Ó yíjú sí Wierda. "Ẹ ní bírò lọ́wọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ti yọ afárá, tí mo gba ti ibùdókọ̀, aago mélòó ni mi ò bá débẹ̀?"

Wierda ń wo bírò rẹ̀.

"Ẹ ṣírò rẹ̀, mò ń dúró. Mo ṣì ní ìṣẹ́jú méjì."

Wierda wo alága. Alága ò wo Wierda.

"Aago méjì," Wierda wí, "ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ sọ ọ́ sínú máíìkì, kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó sọ ọ́ sínú máíìkì.

"Ẹ ṣeun," ni Geessien wí. "Ọ̀pọ̀ ìyàwó àti ọkọ ló ṣì ń kọjá níbẹ̀."

Wọ́n dìbò. Nínú káńsẹ́lọ̀ mẹ́tàdínlógójì, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní kí wọ́n tún afárá ṣe, kó má kúrò níbẹ̀. Mo yíjú láti dì mọ́ ọn, mi ò bá a lórí ìjókòó. Mo sáré jáde. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí láàárín ọ̀nà, àwọn èèyàn ń yà fún un, ó ń sunkún kíkorò, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Harm ti kú. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Kí lò ń wò?" ló jágbe mọ́ mi. "O ò rí ẹni tó ń sunkún rí? Jókòó!"

Mo jókòó.