Ìtọ̀ Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, owó epo rọ̀bì ti gbòde ní Èkó. Ọkọ mi ra fáànù, ó ra bẹ́ẹ̀dì onírin, ó sì ra fóòmù kékeré fún ìyá rẹ̀, tó wá láti Ìsẹ́yìn kó lè máa bá wa wẹ ọmọ. Yàrá kan ṣoṣo la ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ ni fóòmù Màmá wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa.

Mo fẹ́ràn ìmọ́tótó, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò jẹ́ kí Màmá fọ aṣọ ìdí ọmọ rí, kí àwọn ará ilé má baà ní mo sọ ìyá ọkọ mi di ọmọ ọ̀dọ̀. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, omi ẹ̀rọ kì í sì í yọ lójoojúmọ́. Inú garawa ni mo ń kó aṣọ ìdí náà sí, màá dé e pa, màá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí di Sátidé tí màá ráyè fọ̀ wọ́n.

Kò pẹ́ tí òórùn ìtọ̀ fi gba yàrá kan. Òórùn tó ń ta ojú ni, pàápàá lápá ibi tí Màmá ń sùn. Mo wo fóòmù tuntun, mo wo arúgbó, mo dájọ́ lọ́kàn mi. Ó sì máa ń sá fóòmù náà sóòrùn láràárọ̀. Ẹ̀rí wo ló tún kù?

Ìyàwó kì í kọjú sí ìyá ọkọ kó ní, “Ẹ ń tọ̀ sílé.” Tó bá gbọ́n, á fọgbọ́n ṣe é. Èmi gbọ́n. Mo ra rọ́bà ní Apákún, mo tẹ́ ẹ sórí fóòmù Màmá, mo fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bò ó. Ó ń wò mí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Inú mi dùn pé ó ti yé e.

Yàrá àyẹ̀wò ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń gba ìtọ̀ àwọn aláìsàn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ṣí ìgò kan tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì láti Fúráìdé. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín.

“Ìtọ̀ tuntun kì í rùn báyìí,” ó ní. “Èyí ti pẹ́ nílẹ̀.”

Ó ṣàlàyé fún mi. Yúríà wà nínú ìtọ̀, ìdọ̀tí tí ara ń tì jáde. Irú rẹ̀ náà ni ajílẹ̀ funfun tí àwọn àgbẹ̀ ń rà ní àpò. Yúríà fúnra rẹ̀ kì í rùn. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ojú kò rí wà tí wọ́n ní ẹ́ńsáìmù nínú, ohun kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: kó máa já yúríà sí wẹ́wẹ́. Amóníà ló ń jáde níbẹ̀, òun ló ń ta ojú. Kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ó ń fẹ́ ooru, ó sì ń fẹ́ ọjọ́.

Mo dúró pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Ohun tí à ń sá sóòrùn láràárọ̀, ìtọ̀ wo ló máa pẹ́ níbẹ̀? Nínú yàrá wa, ibì kan ṣoṣo ni ìtọ̀ ti ń lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nígbà tí mo délé, mo fa garawa jáde, mo ṣí i. Òórùn náà ló kí mi káàbọ̀. Màmá ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé kò sí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ rẹ̀.

“Màmá, omi yín dà?”

“N kì í mumi mọ́ tó bá ti di ọ̀sán,” ó ní. “Láti ọjọ́ tí o ti tẹ́ rọ́bà.”

Nínú ooru yẹn. Mo sáré bu omi wá. Ife mẹ́ta ló mu léra kó tó tún sọ̀rọ̀.

“Láràárọ̀ ni mo ń fọwọ́ kan ibùsùn náà, ìyàwó mi. Gbígbẹ ni mo máa ń bá a. Ṣùgbọ́n mo ní ìwọ tó kàwé, o ò lè ṣàdédé tẹ́ rọ́bà fún mi.”