Ẹni Tí Yóò Gbọ́ Ti Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Èmi ń dirun fún obìnrin, òun ń gẹrun fún ọkùnrin. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga rẹ̀ tí kì í tòògbé. Ọkùnrin tó bá ti ìta pariwo wọlé, tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bá ti fi aṣọ funfun bò ó láyà, tó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa hanrun. Mo máa ń bá a ṣẹ̀fẹ̀ pé kó kúkú tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ bímọ obìnrin ni nǹkan yí padà. Mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kì í fi abẹ fá irùngbọ̀n mọ́, kílípà nìkan ló ń lò. Bí oníbàárà bá ní kó fá òun mọ́lẹ̀ dáadáa, á ní abẹ ti tán. Irọ́ gbuu ni. Lọ́jọ́ kan ó gbé páálí abẹ kan wá fún mi, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Mo bi í pé ṣé irùngbọ̀n ló hù sí mi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ èyí tó burú jù. Ó jókòó síwájú mi kí n dirun fún un, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní baba ọmọ kì í gbé ọmọ. Bí ọmọ bá sunkún, á jáde síta. Bí òun bá ní kó gbà á kí òun ráyè wẹ̀, á ní ọwọ́ òun dọ̀tí. Ó ní bóyá ọkọ òun rò pé ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀ ni o, òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá lọ wá ìwòsàn sí ohun tó ń ṣe é, òun ń gbé ọmọ òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun, òun ò sì ní padà wá. Inú bí mi. Mo fi irun rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì, mo lọ bá ọkùnrin náà.

Mo ní, "Kí lọmọ ọwọ́ fi ṣe ọ́?"

Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èyí tí kò sọ lọ́jọ́ náà, tó wá sọ fún mi nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán, nìyí. Bó bá ti mú abẹ, tó rí ọrùn èèyàn, àwòrán kan á sáré wá sí i lójú: á rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń ya ọrùn náà, á rí ẹ̀jẹ̀. Kò fẹ́ ẹ, kò pè é. Nígbà tó yá, àwòrán náà dé orí ọmọ. Bó bá gbé e, á rí i bíi pé òun jù ú gba ojú fèrèsé. Ọkùnrin tí kì í pa eṣinṣin. Ó wá gbà lọ́kàn rẹ̀ pé apànìyàn lòun, pé ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí baba wọn kú. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, èèyàn dáadáa sì ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó gbọ́ pé ara àbúrò òun ò yá, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó sì mú un lọ rí dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà bi Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ pé kí ló ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ló dáhùn. Ó ní kì í sùn, wàhálà ọmọ tuntun ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Dókítà tún béèrè bóyá èrò kan wà tó ń dà á láàmú. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé àwọn. Ta ni yóò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú àlejò? Wọ́n fún un ní oògùn oorun. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ olórí jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fá a lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá dá lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń gbani nímọ̀ràn ní òpópónà wa níbí. Obìnrin náà fẹ̀rín pàdé rẹ̀, ó béèrè ọmọ, ó ní ọkọ òun ń ṣàròyé pé abẹ ti tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fọ́tò ọkọ náà wà lórí tábìlì. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wo àgbọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ ti fá láìmọye ìgbà. Báwo ló ṣe máa sọ ọ́ fún ìyàwó onítọ̀hún? Ó ní oorun ló ń yọ òun lẹ́nu, ó kí i, ó bọ́ síta.

Nọ́ọ̀sì kan tí mo máa ń dirun fún ló wá là wá lójú, nígbà tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jẹ́wọ́ fún un pé èrò burúkú kan kì í fi òun sílẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tọ́jú ọkàn dà bíi bàtà, kì í ṣe èyí tó bá sún mọ́ni là ń rà, èyí tó bá bá ẹsẹ̀ ẹni mu ni. Ó ní kó kọ́kọ́ fi fóònù béèrè bóyá ẹni náà ti tọ́jú èèyàn tí èrò burúkú kì í fi lọ́rùn sílẹ̀ rí. Ó júwe ọmọbìnrin kan tó jẹ́ dókítà irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún wa ní apá kejì ìlú, ní òkè ilé tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Ṣọ́ọ̀bù mi ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti pè é, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo gbọ́ ìdáhùn ọmọbìnrin náà: "Mo mọ irú ẹ̀ dáadáa, sà. Ẹ máa bọ̀." Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín irun tí mo gé dànù.

Mo kìlọ̀ fún un pé kó dá lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n sì ti wọ aṣọ òde, ó ti dé fìlà, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́ pàápàá ń mú èèyàn dání.

Yàrá náà kéré, òórùn ọ̀dà ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin náà kí ẹ̀gbọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ dúró de àwọn ní ìta. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí ohun tó wà nínú àbúrò òun tí òun kò mọ̀. Ọmọbìnrin náà wá yíjú sí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ó bi í pé kí lòun fúnra rẹ̀ fẹ́.

Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ péré ló yẹ kó sọ. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti lé ẹni tó tọ́ ọ dàgbà síta níṣojú ọmọdébìnrin. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó. Ọmọbìnrin náà ní àwọn lè fi í di ọjọ́ mìíràn, kò sí kánjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ mìíràn. Ló bá dorí kodò, ó sọ gbogbo rẹ̀, ti abẹ, ti ẹ̀jẹ̀, ti fèrèsé. Ó parí rẹ̀ báyìí:

"Ọrùn tí mo sì máa ń rí jù ni ti ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní òun ń bọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé kò gbọ́ èyí tó kù. Ọmọbìnrin náà ní àìsàn ni, ó lórúkọ, òun sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn yá. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ kì í sá fún un báyìí. Ìfẹ́ ọmọ náà ló ń dẹ́rù bà yín." Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni yóò tún máa mú abẹ, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gbé ọmọ, tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rù wá kó sì kọjá lọ. Ó ní kó mú ìyàwó rẹ̀ wá, òun á ṣàlàyé fún un fúnra òun. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Ó ní nígbà tí òun ń sọ̀ kalẹ̀, ara òun fúyẹ́, òun sì ti pinnu pé bí òun bá ti wọlé, òun á gbé ọmọ òun.

Ilé ṣófo. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ wà níbẹ̀, kò sí aṣọ lórí rẹ̀. Àwọn ará ilé ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ọkọ̀ wá kó wọn.

Ó sáré dé ilé ẹ̀gbọ́n. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n jáde, ó dúró sẹ́yìn géètì, kò ṣí i. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní dókítà ti ṣàlàyé, ó ní àìsàn ni, ó ní kí wọ́n jọ padà síbẹ̀ báyìí kí wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ní ẹnu àbúrò òun fúnra rẹ̀ lòun ti gbọ́ ọ, ire rẹ̀ sì lòun ń wá. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ìfẹ́ ló fi ṣe é, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú di òní olónìí.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní kí wọ́n kàn jẹ́ kí òun rí ọmọ náà láti ibi tí òun dúró sí. Ẹ̀gbọ́n wá bi í pẹ̀lú ohùn tí kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí láyé wọn:

"Àbúrò mi, kí ló wà lápò rẹ?"

Ó yí àpò rẹ̀ méjèèjì síta. Òòyà kan jábọ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fò sẹ́yìn.