Gàníyù Tó Tan Iná Sójú Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá gbé Ìkọ̀lé ní ọdún tí a gba òmìnira, tí ẹ kò sì mọ Gàníyù tó ń ra kòkó, a jẹ́ pé ẹ kì í jáde nílé. Ọkùnrin náà fẹ́ràn kí èèyàn rí òun ju bó ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, á ta á lọ́rẹ, àmọ́ á dúró di ọjọ́ ọjà kó tó fún un.

Nígbà tó ra alùpùpù àlòkù, ayọ̀ rẹ̀ kò kún. Ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń rí i. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná kan ṣoṣo tó wà níwájú alùpùpù á máa tan sí ọ̀nà, àwọn ará ìlú á ní, "Ta ló kọjá yẹn?" Ìbéèrè yẹn ń dùn ún dé eegun. Ó tún wá burú nítorí pé oyè Bàbá Àdínì ṣófo ní mọ́sáláṣí, orúkọ òun àti ti Ọlátúnjí tó ń ta iyọ̀ ló sì wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni Gàníyù ti ń lá àlá oyè yìí.

Ló bá gbé iná méjì tí wọ́n tú lára lọ́rì tó ti kú, ó di ọ̀dọ̀ Ògúnkọ̀yà, bàbá alágbẹ̀dẹ tó ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe.

"Ibo ni kí n kọjú wọn sí?" ni bàbá náà bi í.

"Èmi ni kí ẹ kọjú wọn sí, bàbá."

Ògúnkọ̀yà ju òòlù sílẹ̀. "Èwo nìyẹn? Uná orí alùpùpù, ọ̀nà la fi í wò!"

"Ẹ ṣáà bá mi ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà."

Bàbá rọ irin méjì, ó fi bóòtù dè wọ́n mọ́ ọwọ́ alùpùpù, ó na wáyà láti ara bátìrì gba abẹ́ ìjókòó, ó sì fi súìsì sí i. Nígbà tí wọ́n tàn án wò, iná méjèèjì là yàà sójú Gàníyù, ti iwájú sì rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹyin iná tó fẹ́ kú.

"Bátìrì kékeré yìí kò lè bọ́ ẹnu mẹ́ta," ni Ògúnkọ̀yà wí. "O kò ní rí ọ̀nà, ọmọ mi."

"Mo mọ ọ̀nà," ni Gàníyù dáhùn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o!

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ọ̀la kí wọ́n yan Bàbá Àdínì, ó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú. Agbádá funfun ló wọ̀. Ó tẹ súìsì, ó wá ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Alfa Sànúsí àti àwọn àgbà mọ́sáláṣí ń ti ibi ìsọmọlórúkọ bọ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì rí i láti òkèèrè. "Gàníyù mà nìyẹn!" Wọ́n dúró, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n kí i. Yéè! Iná ti gba ojú Gàníyù, ariwo ẹ́ńjìnnì ti gba etí rẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, ó sì kọjá lára wọn láì kí wọn, eruku sì bo láwàní wọn.

Kò pẹ́ ni Ọlátúnjí dé pẹ̀lú àtùpà rẹ̀. Ó tẹríba, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tan iná sí ẹsẹ̀ wọn títí wọ́n fi délé.

Ọlátúnjí ni wọ́n wé láwàní fún ní ọjọ́ Jímọ̀. Gàníyù sáré lọ bá Alfa Sànúsí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo ṣe? Àbí ẹ̀yin kò rí mi láti ọdún yìí wá?"

"A rí ọ, Gàníyù," ni bàbá wí. "A rí agbádá, a rí fìlà, a tilẹ̀ rí eyín tí o fi ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ ni o kò rí wa."