Láfún Lórí Rọ́ọ̀gì Lèmọ́mù

Nígbà tí ọkọ mi fi Èkó sílẹ̀ tó padà wá sí Igbó-Ọrà, kò ra búrẹ́dì bọ̀, kò ra aṣọ bọ̀. Ẹ̀rọ ló kó bọ̀. Lọ́rì dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù: jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ti dípẹtà, ẹ̀rọ kan tó ní búrọ́ọ̀ṣì róbótó tó ń yí nísàlẹ̀, òmíràn tó ní ọ̀nà ọ̀fun gígùn tó fi ń fa eruku, rọ́bà omi, àwọn dúrọ́ọ̀mù, àti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú nínú páálí. Ìyá ọkọ mi yí wọn ká títí, ó ní, "Èwo ni wọ́n fi ń gún iyán nínú wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tó ń fọ rọ́ọ̀gì fún àwọn ọ̀gá ìjọba ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó ta àwọn ẹ̀rọ tó ti gbó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ mi dé gan-an ló ti là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, títí di Iléyá ni mo fún iṣẹ́ yìí. Bí kò bá gbérí, mo padà sí Èkó nìyẹn."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré lòun sọ. Láti ìgbà tí mo ti bí ìbejì ni mo ti ń dá tọ́ wọn. Bó bá wálé ọdún, ẹ̀yìn mi làwọn ọmọ náà ń sá sí. Lọ́jọ́ tí lọ́rì yẹn gbé e dé, ọ̀kan nínú wọn kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, sà," bí ẹni ń kí tíṣà. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sunkún.

Ẹ̀yìnkùlé la fi ṣe ibi iṣẹ́. Ó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó jẹ́ kó rọra dagẹ̀rẹ̀ sí apá kan kí omi ìdọ̀tí lè máa ṣàn lọ. Iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ ló ń bá wa ṣe é, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́rọ̀ ara wọn. Ó ri ọparun mọ́lẹ̀, ó fi òmíràn dábùú rẹ̀, ibẹ̀ ni rọ́ọ̀gì yóò ti máa gbẹ. Mo wo ọparun náà, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé èyí á gbà á? Ẹ ò ṣe lo irin?" Ó ní irin ń bọ̀, kí iṣẹ́ kọ́kọ́ dé ná.

Iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, kì í ṣe kí èèyàn kàn da omi sí i. Yóò kọ́kọ́ fa eruku rẹ̀ tán. Yóò rẹ aṣọ funfun sómi, yóò fi nu igun kan bóyá aró rẹ̀ ń ṣí. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ, lẹ́yìn ọṣẹ ni búrọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì ni omi títí omi yóò fi mọ́. Ibi tí wàhálà wà ni gbígbé e sórí ọparun. Rọ́ọ̀gì tó bá ti mu omi yó, ẹnì kan ò lè dá a gbé: ọ̀kan á di orí rẹ̀ mú, ọ̀kan á di ẹsẹ̀. Èmi ni ẹnì kejì.

Ẹ̀gàn kọ́, iṣẹ́ náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn tíṣà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn, àti dókítà kan ló ń gbé rọ́ọ̀gì wọn wá. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú fúnra wọn ò dá wa lóhùn. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà wòran, wọ́n á ní, "Ìgbálẹ̀ ti tán lọ́jà ni?" Inú á bí mi, màá dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ fi ìgbálẹ̀ wọn wẹ̀. Àwọn ìbejì sì ti wá ń tọ bàbá wọn lọ. Wọ́n á jókòó sórí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á máa wò ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo rí ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà gidi.

Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wọlé wá. Rọ́ọ̀gì pupa kan wà tí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà rà bọ̀, òun ni wọ́n máa ń tẹ́ fún Lèmọ́mù ní Yídì lọ́jọ́ ọdún. Wọn ò fọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ tó ti dé. Bàbá náà ní, "Bó bá mọ́, gbogbo tinú mọ́ṣáláṣí ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?" Ọkọ mi ní kò ní bàjẹ́. Bàbá náà wò ó lójú, ó lọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ọdún pé kí wọ́n tó gbé e dé. A fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi tó kọ́kọ́ jáde lára rọ́ọ̀gì yẹn dúdú bí omi aró. Nígbà tó mọ́ tán, pupa rẹ̀ yọ, òdòdó ara rẹ̀ yọ, ìyá ọkọ mi pàápàá pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi di orí rẹ̀ mú, mo di ẹsẹ̀ mú, a gbé e kọ́ ọparun. A ò tíì yíjú tí a fi gbọ́ "kẹ̀kẹ̀," tí gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ikán ti jẹ ìdí ọparun.

Mo ní, "Mo sọ ọ́ tàbí mi ò sọ ọ́?"

Ọkọ mi ní, "Ọ̀rọ̀ ìyẹn kọ́ nìyí, Ìyá Ìbejì. Níbo ni yóò ti gbẹ?"

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbàgbé àpáta ni? Oòrùn ti mú un gbóná. Bí láfún ṣe ń gbẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́ọ̀gì yín á gbẹ." Ta ni yóò ní ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa? Orí àpáta ni gbogbo wa ń sá láfún láti kékeré. Ọkọ mi ké sí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò, wọ́n gbé e. A gbá ojú àpáta dáadáa, a tẹ́ ẹ sáàárín láfún àwọn ìyá mìíràn, a padà sílé lọ tún ọparun ṣe.

Kò sẹ́ni tó ronú kan ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yẹn ti ń fẹ́ láti àárọ̀, gbogbo lẹ́búlẹ́bú tó ń gbé lára láfún àwọn èèyàn, orí rọ́ọ̀gì tútù ló ń kó o dà sí. Nígbà tí a padà débẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, mi ò mọ rọ́ọ̀gì náà mọ́. Ó funfun, ó sì le gbagidi bí aṣọ tí wọ́n ti bọ sí sítáàṣì. Ọkọ mi gbé igun rẹ̀ kan sókè, igun náà dúró sókè fúnra rẹ̀.

"Yéè, mo gbé!" Ìyá ọkọ mi ká ọwọ́ lérí.

A gbé e délé. Ọkọ mi kọjá tààrà sí ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò omi tó ń hó lórí iná. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà.

"Omi gbígbóná kẹ̀!" Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọkà lo fẹ́ rò sórí rọ́ọ̀gì Lèmọ́mù?"

"L'Ékòó, omi gbígbóná la fi ń—"

Mo ní, "Ṣé láfún wà lórí rọ́ọ̀gì àwọn ará Èkó ni? Ẹ gbé omi yẹn kalẹ̀, Bàbá Ìbejì! Ẹ jọ̀ọ́!"

Ó gbé e kalẹ̀. Omi tútù ò tún ṣeé lò, nítorí kò ní gbẹ di ọ̀la. Gbígbẹ náà la ní láti fi yọ ọ́. A dojú rẹ̀ délẹ̀, a fi igi nà án lẹ́yìn, láfún ń bú jáde, gbogbo wa funfun bí egúngún. Ọkọ mi fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó gbé ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ rọ́ọ̀gì. Níbi tó bá gbà kọjá, pupa á yọ. Mo ń tẹ̀ lé e, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, mo ń ṣe, "Olúwa, Olúwa." Ó ku apá orí, níbi tí Lèmọ́mù máa ń forí kanlẹ̀ sí, ni jẹnẹrétọ̀ bá wúkọ́ tó kú. Bẹntiróòlù ti tán, kò sì sí ibi tí a ti lè rí i rà mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ la fi gbo ìyókù. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó jọ pé ó ti mọ́. Wọ́n wá gbé e lọ.

Ní Yídì lọ́jọ́ kejì, mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, ìbejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ibi tí mo wà, rọ́ọ̀gì náà pupa dáadáa, ọkàn mi sì ti ń balẹ̀. Lèmọ́mù forí kanlẹ̀. A kírun tán, ó dìde kọjú sí wa láti ṣe wáàsí. Iwájú orí rẹ̀ funfun. Imú rẹ̀ funfun. Ẹnì kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn ní, "Láfún nìyẹn o!" ni ẹ̀rín bá bú sáfẹ́fẹ́. Mo wá ojú ọkọ mi láàárín àwọn ọkùnrin. Mo rí i tó ń wọ bàtà rẹ̀. Wọn ò tíì pa àgbò tó fi lọ.

Nígbà tí mo délé, ó ń di àpótí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Nítorí ẹ̀rín? Ẹ̀rín àwọn tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá rọ́ọ̀gì lẹ fẹ́ torí ẹ̀ já mi jù sílẹ̀?" Ó ní òun ò lè rìn nígboro yìí mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, láti ibẹ̀ ó di Èkó. Mo bínú sí i débi pé mi ò sìn ín dé gáréèjì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Lèmọ́mù ránṣẹ́ pe Bàbá Ìbejì. Èmi ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Bàbá arúgbó náà wò mí, ó ní, "Bínú kẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti ń kírun lórí rọ́ọ̀gì yẹn ni mo ti ń sé imú. Àná nìkan ni mo forí kanlẹ̀ tí mo mí. Láfún? Kí ni mo ń jẹ látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi? Níbo ni ọkọ rẹ wà? Kó wá kó tinú mọ́ṣáláṣí."

Mo ní ó ti wọkọ̀ lọ sí Èkó láàárọ̀ yẹn. Ẹkún ló jáde.

Mo rán awakọ̀ níṣẹ́ sí i. Awakọ̀ ní òun jíṣẹ́. Kò wá. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí apá mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Mo fi irin rọ́pò ọparun. Ìyá ọkọ mi tó ń wá ẹ̀rọ ìgúnyán ló wá di ẹnì kejì, òun ló ń di ẹsẹ̀ rọ́ọ̀gì mú, tó ń kérora, tó sì ń ṣépè fún ọmọ rẹ̀, tó sì tún ń ṣàdúrà fún un lẹ́nu kan náà. Àwọn onírọ́ọ̀gì ń ti Èrúwà wá, wọ́n ń ti Igangan wá. Iléyá kan lọ, òmíràn ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan yọ sẹ́yìnkùlé wa pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti kún ojú rẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ gbé rọ́ọ̀gì tútù lọ́wọ́, a ò lè yára sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo irin, ó wo gbogbo rọ́ọ̀gì tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sáré lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn láti máa kí àwọn oníbàárà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ gbé rọ́ọ̀gì wá ni?"

Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ń wo ọmọ náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí mo ti ń tọ́jú dè é, mi ò rí ọ̀kan sọ nínú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ fi ẹsẹ̀ rọ́ọ̀gì yẹn sílẹ̀ fún un."

Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ rọ́ọ̀gì náà mú, a gbé e kọ́ irin.