Oṣù Méjì Tí Safurat Kò Fi Ẹnu Kíni

Bí Safurat onídìrí bá ń bọ̀ láti ọjà Àkẹ̀sán, ìkíni rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Àwọn aládùúgbò ní bó bá rí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀, yóò kí i kú ìsinmi.

Lọ́dún 1988, ikọ́ mú un, ohùn yìí sì há. Safurat jẹ orógbó títí ẹnu fi bó, ó lá oyin, ikọ́ kò lọ, ohùn kò dé. Nígbà tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lọ́fun, Mashood ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà sì fi dígí kékeré wo ọ̀fun rẹ̀. Ikọ́ ife ni, ó ti gòkè dé ibi tí ohùn ti ń jáde.

“Ó máa san,” ni dókítà wí. “Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún oṣù méjì, oògùn títí ọdún á fi yípo. Ṣùgbọ́n ní oṣù méjì yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, ì báà ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ohùn yẹn lè má padà mọ́.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá a dúró, títí ikọ́ náà kò fi lè ran ẹlòmíràn mọ́. Nígbà tó padà sí Ọ̀yọ́, ìkúnlẹ̀ ló fi ń kí gbogbo àdúgbò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò gbà, nítorí ojú ìyá ti fọ́. Báwo ni yóò ṣe rí ìkúnlẹ̀?

“Mashood! Ìyàwó rẹ ń kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára ògiri!”

“Màmá, dókítà ló ní kó má sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́. Ó ní kó má sọ̀rọ̀. Ṣé ó ní kó má kí mi ni?”

Ta ni yóò rí èsì fún ìyẹn nínú ọmọ Yorùbá?

Safurat ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. “Ẹ káàárọ̀” ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó pa eyín dé. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ ìyá, ó gbé e lé orí tirẹ̀.

Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá irun kiri.

“Safurat! Onídìrí, irun tìrẹ ló rí játijàti báyìí?”

Safurat bú sẹ́rìn-ín láìsí ohùn, èjìká rẹ̀ ń mì, màmá sì fi ọwọ́ mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì, kí ìyàwó tó wọlé láàárọ̀, màmá á ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè é.

Oṣù méjì pé, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà tún gbé dígí rẹ̀, ó ní ọ̀fun ti ń jinná, kó máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Safurat kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú mọ́tò títí wọ́n fi dé Ọ̀yọ́. Ẹnìkan ló ń fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pamọ́ fún.

“Ẹ kú ilé o, màmá wa,” ló wí láti ẹnu ọ̀nà.

“Alihamudulilai!” Omi bọ́ lójú ìyá. “Ohùn ọmọ mi rèé!”

Ó wá na ọwọ́ síwájú, ó ń wá orí tí kò tíì bá níbẹ̀.

“Kí lo wá ń ṣe lọ́hùn-ún? O ò tíì kí mi.”